Fíìmù kàtúùnù oníṣẹ́jú 8 kan ò kúrò lọ́kàn mi, báwo lẹ ṣe ń wo irú ẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń rí iṣẹ́ ọwọ́ inú ẹ̀?

Awòran

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Ẹnì kan fi líǹkì fíìmù kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, Father and Daughter lorúkọ ẹ̀, Michaël Dudok de Wit ló ṣe é, ọdún 2000 ló ti jáde àmọ́ èmi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Ìṣẹ́jú 8 péré ni. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin nìkan. Bàbá kan àti ọmọ ẹ̀ obìnrin gun kẹ̀kẹ́ lọ sétí omi, bàbá wọ ọkọ̀, ó tukọ̀ lọ, kò padà wá mọ́. Ọmọ yẹn wá ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀ lọ wò ó, ó ń dàgbà, ó di ìyá ọlọ́mọ, ó di arúgbó, ó ṣì ń lọ. Mi ò ní sọ bó ṣe parí torí àwọn tí ò tíì wò ó. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà tí mò ń wò ó lórí fóònù, mo ní kí n fi pa àkókò kí oorun tó gbé mi lọ ni, ìgbà tó máa fi tán mo ti dìde jókòó, omi ti kún ojú mi, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó débẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo fi han ọ̀rẹ́ mi kan. Ó wò ó tán, ó ní ó dáa, àmọ́ kí ló dé tí ojú àwọn èèyàn inú ẹ̀ ò hàn, kí ló dé tó dà bíi pé wọn ò tíì yà á tán, pé kàtúùnù tó bá dáa gbọ́dọ̀ máa dán, irun orí èèyàn gbọ́dọ̀ máa mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹnu mi ò gbà á. Mo mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, ara mi sọ fún mi, ṣùgbọ́n mi ò ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi gbé e kalẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ìbéèrè mi rèé: ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo irú fíìmù báyìí, tàbí tẹ́ ẹ tiẹ̀ ń ṣe é, kí lojú yín máa ń wá? Kí ló ń gbà wọ́n lọ́dún méjì lọ́dún mẹ́ta lórí nǹkan tí ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ? Àti pé níbo lèèyàn ti lè rí òmíì wò, torí ebi ẹ̀ ti ń pa mí.

èédú_lọ́wọ́

Awòran, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Èmi náà máa ń ṣe áníméṣọ̀n, ìyẹn kàtúùnù bí irú èyí, kì í ṣe iṣẹ́ tó ń bọ́ mi o, alẹ́ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé àti òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń ṣe é, nítorí náà ohun tójú mi rí nídìí tábìlì ni màá sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò. Férémù, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra nínú fíìmù, 24 ló ń kọjá níwájú ojú yín ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ya gbogbo ẹ̀, àwòrán kan la máa ń lò fún férémù méjì, méjì-méjì la máa ń pè é, ó já sí àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ibi tí nǹkan bá ti ń sáré gan-an nìkan la ti ń ya ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 8 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 480, ẹ bá mi sọ ọ́ di ọ̀nà 12, ó di àwòrán 5,760. Ìyẹn tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń rìn nínú ẹ̀, tí wọ́n bá di méjì tí ẹyẹ tún ń fò lókè, kálukú ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ya 20 lójúmọ́, tí gbogbo ẹ̀ sì dáa, èyí tí kì í ṣẹlẹ̀, ọjọ́ 288 ti lọ nìyẹn láìsinmi. Ẹ ò tíì kùn ún, ẹ ò tíì ya ilẹ̀ àti igi, ẹ ò tíì fi ohùn sí i.

Ṣùgbọ́n yíyà yẹn gan-an kọ́ ló le jù. Àlàfo ló le. Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ torí òun ni mo rò pé ẹ rí tí ẹ ò mọ orúkọ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ya bọ́ọ̀lù kan tó ń yí lọ, tí àwòrán àkọ́kọ́ àti ìkejì bá sún mọ́ra, bọ́ọ̀lù á máa rọra lọ, tí wọ́n bá jìnnà síra, á sáré. Kò tán síbẹ̀. Bí àlàfo yẹn ṣe ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tàbí bó ṣe ń fún díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ fún ojú wa bóyá irin ni bọ́ọ̀lù yẹn àbí ìyẹ́ ẹyẹ. Bọ́ọ̀lù kan náà ni o, róbótó kan lórí pépà, kò sí àwọ̀ kò sí òjìji, àlàfo nìkan ló fún un ní ìwọ̀n. Èèyàn tó bá mọ àlàfo ṣe lè fi igi ìṣáná méjì pa yín lẹ́kún.

Mo ṣe fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́ta kan, oṣù 14 ló gbà mí. Ibì kan wà nínú ẹ̀ tí bàbá àgbàlagbà kan ti fẹ́ jókòó sórí àga, kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mo ya ibẹ̀. Ti àkọ́kọ́, ó jókòó bí ọmọ ogún ọdún. Ìkejì, ó wó lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀ẹ̀kẹta mo ní kí n fà á kó lọ́ra, ló bá dà bí ẹni tó wà nínú omi. Mo bínú, mo pa gbogbo ẹ̀ tì fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo wá ń wo àwọn àgbà níbikíbi tí mo bá ti rí wọn tí wọ́n fẹ́ jókòó. Ẹ wò wọ́n dáadáa: ọwọ́ wọn ló máa ń kọ́kọ́ dé àga, ọwọ́ á máa wá a, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dé àárín, wọ́n á dúró. Ara á dúró síbẹ̀ díẹ̀ bíi pé ó ń rò ó. Wọ́n á wá fi ìyókù sílẹ̀ kó já. Ìdúró àárín yẹn ni mi ò rí láti ọjọ́ yìí. Mo fún un ní férémù 10, àwòrán kan náà, mi ò ya nǹkan tuntun kankan. Gbogbo ẹni tó bá wo fíìmù yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé “bàbá mi nìyí”.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín tó ní ojú ò hàn. Ẹ padà lọ wo ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù yẹn, ibi tí bàbá ti dágbére fún ọmọ ẹ̀. Ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀, ó wá sáré gòkè padà, ó tún dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkèèrè la ti ń wò wọ́n, wọn ò tóbi. Tí ẹni tó ṣe é bá sún mọ́ wọn tó ya ojú bàbá tí omijé ń bọ́, ẹ máa mọ̀ pé inú bàbá bàjẹ́, ó parí. Àmọ́ torí pé kò sójú, ẹ ní láti wo ẹsẹ̀ ẹ̀, bó ṣe yí padà, bó ṣe sáré gòkè, bí èjìká ẹ̀ ṣe tẹ̀ síwájú, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé ojú wọ̀ ọ́, ojú ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ sì ni. Ohun tí ò yà síbẹ̀ yẹn, ó mọ̀ pé òun ò ya á.

iyanrìn_lórí_gíláàsì

Háà, ọ̀rọ̀ bàbá tó fẹ́ jókòó yẹn wọ̀ mí lára.

Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ni pé kí ni wọ́n fi ṣe é? Torí nínú àwọn fíìmù kékeré tí ẹnì kan tàbí ẹni méjì ṣe yìí, ohun tí wọ́n fi ṣe é ló máa ń pinnu irú ìtàn tó lè sọ.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Caroline Leaf, iyanrìn ló fi ṣe fíìmù. Ó tan iná sábẹ́ gíláàsì, ó da iyanrìn sórí ẹ̀, ibi tí iyanrìn bá wà á dúdú, ibi tó bá gbá a kúrò á funfun. Kámẹ́rà wà lókè. Á fi ìka tì í díẹ̀, á ya fọ́tò, á tún tì í díẹ̀, á ya fọ́tò. Ọdún 1974 ló fi iyanrìn ṣe ọ̀kan níbi àjọ ìjọba Kánádà tó ń ṣe fíìmù, National Film Board, ìtàn òwìwí tó fẹ́ pẹ́pẹ́yẹ igbó, ìtàn àwọn Inuit, àwọn ọmọ onílẹ̀ apá àríwá Kánádà, ni. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀ ni pé kò sí pípadà sẹ́yìn. Kó tó lè ṣe àwòrán kejì ó gbọ́dọ̀ ba àwòrán kìíní jẹ́. Tó bá parí fíìmù, kò sí àwòrán kankan nílẹ̀, iyanrìn lásán ló kù. Tó bá ṣàṣìṣe ní àárín, àfi kó bẹ̀rẹ̀ abala yẹn látilẹ̀. Ẹ ronú wò, kẹ́ ẹ mú èèmí dání fún ọ̀pọ̀ oṣù! Ó wá jẹ́ kí àwọn nǹkan inú fíìmù ẹ̀ máa yọ́ di ara wọn, ìyẹ́ á di omi, omi á di ojú, kò nílò kó gé e kó tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíì.

Aleksandr Petrov ti Rọ́ṣíà, òun ọ̀dà òróró ló ń fi ìka pa sórí gíláàsì. Ó ju àwòrán 29,000 lọ tó kùn fún fíìmù oníṣẹ́jú 20 tó ṣe lórí ìtàn The Old Man and the Sea, ó gba Oscar lórí ẹ̀ ní ọdún 2000. Ẹ dá a dúró níbikíbi, ó tó gbé kọ́ sára ògiri.

William Kentridge ti Gúúsù Áfíríkà ńkọ́, láti ọdún 1989 ló ti ń ṣe tiẹ̀. Èédú ló ń lò, orí pépà kan náà. Á yà á, á rìn lọ sídìí kámẹ́rà, á ya fọ́tò, á rìn padà, á pa ibì kan rẹ́, á tún un yà, á tún rìn lọ. Èédú kì í sì í parẹ́ tán, ojú ibi tí nǹkan ti kọjá á ṣì máa hàn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bí eruku. Òun sì ń sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbàgbé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ ò rí i pé èédú yẹn ń bá a sọ ọ́? Ká ní kọ̀ǹpútà tó ń pa nǹkan rẹ́ mọ́ tónítóní ló lò ni, ìdajì ọ̀rọ̀ ẹ̀ ì bá ti sọ nù.

Yuri Norstein ti Rọ́ṣíà náà, ìkùukùu inú Hedgehog in the Fog, ti ọdún 1975, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí ni, ó gbé e sórí àwòrán ó wá ń gbé e sókè sí kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ férémù dé férémù, bó bá ṣe jìnnà sí àwòrán ni ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ á ṣe máa di bàìbàì lọ. Pépà o! Francheska Yarbusova, ìyàwó ẹ̀, ló ń ya àwọn ẹranko àti igi inú ẹ̀. Mo ti wo fíìmù yẹn bí ẹ̀ẹ̀mejìlá, tí ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún yẹn bá wọnú ìkùukùu, àyà mi ṣì ń já.

Ẹni tó bá ti mọ ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan, kò lè sọ pé “wọn ò yà á tán” mọ́.

ilà_méjì

Mo gbọ́ gbogbo yín, mo sì gbádùn ẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta ko yín díẹ̀ torí mo ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ já sí.

Mi ò fẹ́ ká máa ka iye àwòrán. Ẹgbẹ̀rún 29, ọdún mẹ́ta, ìka lórí gíláàsì, gbogbo ẹ̀ dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n mo ti wo fíìmù tó gba èèyàn lọ́dún márùn-ún tí mo sì ń wo aago. Ìyà tí ẹni tó ṣe é jẹ kò sọ ọ́ di nǹkan gidi. Tá a bá ń fi ìyà wọn iṣẹ́, a ń ṣe ohun kan náà tí ọ̀rẹ́ Awòran ṣe nìyẹn, òun ń fi dídán wọ̀n ọ́n, àwa ń fi òógùn wọ̀n ọ́n, kò sẹ́ni tó tíì wo fíìmù náà nínú wa.

Don Hertzfeldt ní Amẹ́ríkà, ilà méjì àti róbótó kan ni àwọn èèyàn inú fíìmù ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ṣe máa ń yà á. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń lo kámẹ́rà ayé àtijọ́ àti fíìmù 35mm, nígbà tó wá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú World of Tomorrow ní ọdún 2015, mélòó nínú yín ló sunkún díẹ̀ sí i torí pé kọ̀ǹpútà ni? Oníṣẹ́jú 17 yẹn bà mí lọ́kàn jẹ́ ju ọ̀pọ̀ fíìmù oníwákàtí méjì lọ.

Mo sì fẹ́ ká rántí àwọn tí ò ní ilé iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn. Moustapha Alassane ti orílẹ̀-èdè Niger, ọdún 1966 ló ṣe Bon Voyage Sim, ìṣẹ́jú márùn-ún, dúdú àti funfun, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ló fi ṣe olórí ìlú àti àwọn ará ìlú. Ọ̀pọ̀lọ́ olórí ìlú rìnrìn àjò lọ síbi tí wọ́n ti ń pọ́n ọn lé, ìgbà tó máa dé ilé àwọn èèyàn ẹ̀ ò fẹ́ ẹ mọ́. Ìlà inú ẹ̀ ò pọ̀, ìrìn wọn ò dán, àmọ́ kò sí ibì kan tó ṣòfò, ọ̀rọ̀ tí àwọn míì máa fi ìwé ńlá kọ ló fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ. Ọgbọ́n mímọ ohun tó tó, òun ni èmi ń wá. Lóde òní ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà lè lo Blender lọ́fẹ̀ẹ́, lo Krita lọ́fẹ̀ẹ́, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yàwòrán ni méjèèjì, ohun èlò kọ́ ni ìṣòro mọ́, ojú ni.

èédú_lọ́wọ́

@ilà_méjì òótọ́ lẹ sọ, mo gbà. Mo ka iye yẹn torí Awòran bi wá pé kí ló ń gba ọdún lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe pé kó lè káàánú wa. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ fi kún un ni pé pípẹ́ yẹn ní nǹkan tó ń ṣe fún ẹni tó ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ìṣẹ́jú àáyá kan máa gbà yín ní ọjọ́ kan, ẹ ò ní fi nǹkan tí ò wúlò síbẹ̀. Mo gé odindi ibì kan kúrò nínú tèmi nígbà tí mo rí i pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa gbà, mo wá rí i pé fíìmù náà ò tiẹ̀ nílò ẹ̀. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà ya èèyàn gidi lè ya wákàtí mẹ́wàá kó tó wá mú ohun tó fẹ́, àwa kó tó di pé a mú pẹ́ńsùlù la ti ń mú un.

etí_dídi

Gbogbo yín ń sọ ti ojú, kò sẹ́ni tó sọ ti etí.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ pa ohùn fíìmù tẹ́ ẹ fẹ́ràn yẹn pátápátá, ẹ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ẹ dijú, ẹ fi etí nìkan gbọ́ ọ. Ẹ máa rí i pé fíìmù méjì ni, tí wọ́n fẹ́ ara wọn.

Nínú áníméṣọ̀n, kò sí ohùn kankan tó wà níbẹ̀ fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà ya èèyàn lójú títì, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, bàtà ń dún, ajá ń gbó, ẹ ò bẹ̀ wọ́n. Àwòrán ò dún. Ẹnì kan ló jókòó tó pinnu pé kẹ̀kẹ́ yìí máa dún báyìí, ẹyẹ yìí máa ké níbí, níbí kò gbọ́dọ̀ sí nǹkan kan. Orin inú fíìmù tí Awòran wò yẹn, Normand Roger ló ṣe é, ará Kánádà, Denis Chartrand wà pẹ̀lú ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Roger yìí kan náà ló ṣe orin fún The Man Who Planted Trees ti Frédéric Back ní ọdún 1987, àti ọ̀pọ̀ míì. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ tó ń kọjá ní ìparí, ẹ máa rí i pé àwọn tó ń fún àwọn fíìmù wọ̀nyí ní ohùn ò pọ̀, ẹ máa dá ọwọ́ wọn mọ̀.

Ẹni tó ya mí lẹ́nu jù ni Norman McLaren, Kánádà náà. Etí fíìmù ayé àtijọ́ ní ibì kan tí ohùn máa ń wà, ó rí bí ilà wúruwùru, iná á gba ibẹ̀ kọjá á sì di ohùn. McLaren ní kí ló dé tí òun ò ní fọwọ́ òun ya ilà yẹn. Ó mú gègé, ó ń ya ohùn! Kò sí ẹni tó fun fèrè, kò sí ẹni tó lu nǹkan, ó ya á ni. Ó lo irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú Neighbours ti ọdún 1952, èyí tó fi èèyàn gidi ṣe bí ọmọlangidi, férémù dé férémù, àwọn aládùúgbò méjì tí wọ́n jà lórí òdòdó kan. Ó gba Oscar.

Ti Hertzfeldt tí @ilà_méjì mú wá yẹn, ohùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọmọ ọdún mẹ́rin kan nínú ẹbí ẹ̀ ló gbà sílẹ̀ bí ọmọ náà ṣe ń ṣeré tó ń yàwòrán, kò ní kó ka nǹkan kan torí ọmọ ọdún mẹ́rin ò lè ka ìwé eré, ó wá lọ jókòó ti ohun tí ọmọ yẹn sọ, ó kọ ìtàn yí i ká. Ìdí tí ọmọ yẹn fi dà bí ọmọ nìyẹn, torí ọmọ ni.

Awòran

Ẹ̀yin èèyàn yìí, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ti ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ibo ni mo ti lè rí wọn báyìí?

iyanrìn_lórí_gíláàsì

Kíákíá: ti Kánádà yẹn, National Film Board, wọ́n gbé ọ̀pọ̀ fíìmù wọn sórí ìkànnì wọn, ọ̀fẹ́ ni, McLaren àti Caroline Leaf wà níbẹ̀. Ẹ tún máa wo ohun tí àwọn àjọ̀dún áníméṣọ̀n bá yàn lọ́dọọdún, Annecy ní Faransé tó ti wà láti 1960, Zagreb láti 1972, Ottawa láti 1976, ẹ kó orúkọ àwọn tí wọ́n yàn kẹ́ ẹ sì wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bínú tẹ́ ò bá rí tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ gbé e káàkiri àjọ̀dún fún bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó gbé e síta.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé ẹni tó ṣe é gan-an ni kẹ́ ẹ ti wò ó, kì í ṣe ti àwọn tó jí i gbé sórí tiwọn. Tó bá sì dùn mọ́ yín, ẹ kọ̀wé sí i, kẹ́ ẹ sọ ibi pàtó tó mú yín. “Ó dáa gan-an” ò tó. Ẹ sọ pé ibi tí bàbá ti sáré padà.

Ohun kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: tẹ́ ẹ bá ń wò ó ní YouTube lórí kọ̀ǹpútà, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ wá máa tẹ àmì ìdánudúró (.), á máa lọ síwájú férémù kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ kọmá (,), á máa padà sẹ́yìn.

Awòran

Mo ti dé padà. Alẹ́ àná ni mo ṣe é, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo pa ohùn gẹ́gẹ́ bí @etí_dídi ṣe wí, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ ní férémù kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí @iyanrìn_lórí_gíláàsì ṣe sọ. Ibi tí bàbá ti sáré padà yẹn nìkan ni mo lo nǹkan bí wákàtí kan lé lórí.

Mo rí àlàfo. Mo rí i lóòótọ́! Mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ, àwòrán kan sí òmíì wọn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, mo tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá jìnnà síra, mo pariwo nínú yàrá. Lẹ́yìn náà mo tan ohùn padà mo wò ó láìdá a dúró, ẹ̀rù ń bà mí pé bóyá mo ti bà á jẹ́ fún ara mi, pé tí mo bá ti mọ bí wọ́n ṣe ṣe é kò ní mú mi mọ́. Ó mú mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìsinsìnyí nígbà tó bá gòkè padà, bàbá yẹn ni mò ń rí, mo sì tún ń rí ẹnì kan tó tẹ̀ sórí tábìlì tó ń yà á, àwọn méjèèjì pọ̀.

Ti ọ̀rẹ́ mi, mi ò tíì bá a sọ ọ́. Mo máa jókòó tì í ká jọ tẹ̀ ẹ́ férémù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n @èédú_lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, bàbá yín tó fẹ́ jókòó sórí àga yẹn, ṣé a lè rí i?

èédú_lọ́wọ́

Ẹ lè rí i. Inú háàdì dẹ́ráìfù àtijọ́ kan ló wà, màá wá a jáde lọ́jọ́ Sátidé màá gbé líǹkì ẹ̀ síbí. Iná ń ṣẹ́jú díẹ̀ ní apá ìbẹ̀rẹ̀ torí ojú fèrèsé ni mo ti ya fọ́tò wọn, mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn pé kí n bo fèrèsé, ìkùukùu bá ń kọjá lójú oòrùn, pépà mi á ṣú á tún mọ́. Ẹ dúró de ibi àga. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ máa wò.